Ìdá Mélòó, Fún Kí Ni? Fífi Èdè Abínibí Kọ́ni ní Ìfiwéra Àdàlù

Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó gbà pé èdè abínibí kò lè gbé ìṣirò ìdá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí) bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò pẹ̀lú. Èdè kọ́ ni ìṣòro wa, bí kò ṣe pé a kì í ṣọ́ bí a ṣe ń pe ìdá.

Pípe Orúkọ Ìdá
Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ̀ pé ìdámẹ́wàá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ pé “ìdá mẹ́ta”, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, kí òmíràn sì gbọ́ ìpín mẹ́ta. Nítorí náà, “ìdá kan nínú mẹ́ta” ni ó yẹ kí a máa lò ní kíláàsì. Irú ìhun yìí wà nínú èdè Ìgbò: “otu ụzọ n’ime ụzọ atọ”. Ní ti Haúsá, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “sulusi”, tí ó yá láti inú èdè Lárúbáwá. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wo èyí tí kò rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú nínú èdè tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ
Ẹ jẹ́ kí a lo sóbò, ohun mímu tí a ń fi òdòdó ìṣápá pupa sè, tí a sì mọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àlàbá da ìdajì ife ṣúgà (1/2) sínú sóbò tí ó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà (3/4). Bísí da ìdá méjì nínú mẹ́ta ife (2/3) sínú èyí tí ó jẹ́ lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta (1 1/3). Ti ta ni ó dùn jù?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní ti Bísí ni, nítorí pé ṣúgà rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Kí olùkọ́ má ṣe bá wọn wí. Kí ó rán wọn létí ọjà: ẹni tí ó ń fi gààrì ìsọ̀ méjì wéra yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Èló ni kóńgò kan?” Bákan náà ni a ó béèrè níhìn-ín: ṣúgà mélòó ni ó bọ́ sí lítà kan? Èyí ni ìwọ̀n fún ẹyọ kan.

Sóbò Àlàbá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lọ́nà mẹ́ta. Bí a bá pín ìdajì ife sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ife (1/6). Irú ìpín bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni ó di lítà kan. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 4/6, èyí tí í ṣe 2/3 ife.

Sóbò Bísí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta lítà lọ́nà mẹ́rin. Bí a bá pín 2/3 ife sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ 1/6 ife. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ rí 1/6 lẹ́ẹ̀méjì, ó sì pariwo pé wọ́n dọ́gba. Kí olùkọ́ bi í pé: “Ìdá kan nínú mẹ́fà ife, fún kí ni?” Ti Àlàbá wà fún ìdá kan nínú mẹ́rin lítà, ti Bísí wà fún ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni ó di lítà kan. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 3/6, ìyẹn ìdajì ife. Ti Àlàbá ni ó dùn jù.

Lẹ́yìn èyí ni kí a tó kọ́ wọn ní yíyí ìdá ẹ̀yìn dorí kodò: 1/2 ÷ 3/4 = 1/2 × 4/3 = 2/3. Wọn yóò ti mọ ìdí rẹ̀: mẹ́ta ni a fi pín in, mẹ́rin ni a sì fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Ìkádìí
Ẹ má ṣe gba “2/3” lásán lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó sọ ọ́ tán: “Ìdá méjì nínú mẹ́ta ife ṣúgà fún lítà kan.” Bíríkìlà tí ń po sìmẹ́ńtì àti àgbẹ̀ tí ń po oògùn tí yóò fín sí oko kò lè ṣe aláìmọ “fún kí ni”. Bí ó bá ṣì í, ògiri lè wó, irè oko sì lè jóná. Ẹnu olùkọ́ èdè ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.