Oògùn Inú Ìgò Tí Kì í Ṣe Oògùn: Ẹgbẹ́ Olórin Jarabe de Palo

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Jarabe de Palo, tí ó sì gbọ́ èdè Sípéènì díẹ̀, lè rò pé oògùn ikọ́ ni. "Jarabe" ni oògùn olómi, "palo" sì ni igi. Ṣùgbọ́n bí ará Sípéènì bá ní òun yóò fún ọmọ ní "jarabe de palo", pàṣán ni ó ní lọ́kàn. Ẹni tí a fi ẹgba tọ́ láàárín wa mọ bí oògùn náà ti korò tó.

Pau Donés ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìlú Barcelona, ní nǹkan bí ọdún 1995. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Orin rọ́ọ̀kì ni tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n pò ó mọ́ ìlù Kúbà. Ní Havana ni Donés ti rí omidan aláwọ̀ dúdú kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Òun ni ó kọ orin La Flaca fún, orin yìí ni wọ́n sì fi sọ àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1996.

Àwo náà kò kọ́kọ́ tà. Ní 1997 ni ilé-iṣẹ́ sìgá kan fi orin náà polówó ọjà, ni gbogbo Sípéènì bá ń kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní sìgá ni ó sọ wọ́n di ènìyàn. Èmi kò gbà: ìpolówó lè mú wa gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, kò lè mú wa fẹ́ràn rẹ̀. Àwo Depende dé ní 1998, Bonito ní 2003.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Ní 2015, jẹjẹrẹ ìfun mú Donés. Kò fi pamọ́. Nílé tiwa, nígbà tí irú àrùn yìí pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi, "inú rírun" ni wọ́n pè é fún àwa ọmọdé, "àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ìkéde òkú. Ọdún méjì ni ó fi rá pálá.

Donés ń kọrin lọ. Ní 2017 ó fi àwo àti ìwé 50 Palos sàmì àádọ́ta ọdún rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2020, àwo Tragas o escupes jáde. Orin ọpẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ orin omidan tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbẹ, ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, ó kú, ẹni ọdún 53. Nínú ìkéde àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n dárúkọ àrùn náà, wọ́n sì sọ oṣù tí ó ti ń bá a jà bọ̀: oṣù kẹjọ 2015.