Mu Xu Rou: Bí Oúnjẹ Ilé Àríwá Ṣáínà Ṣe Di Ẹran tí a Fi Pankéèkì Wé ní Amẹ́ríkà

Oúnjẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní moo shu, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní mu xu rou, jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí a dín kíákíá nínú òróró gbígbóná pẹ̀lú ẹyin, olú àti ẹ̀fọ́, tí a sì fi pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé kí a tó gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní ilé oúnjẹ Ṣáínà kan ní Boston tàbí New York lè rò pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Beijing láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran náà ní ìtàn tirẹ̀, pankéèkì náà ní tirẹ̀, ọbẹ̀ dídùn tí wọ́n ń fi pa pankéèkì náà lára sì wá láti apá ibòmíràn. Ogun abẹ́lé, òfin ìwọ̀lú àti àwọn obìnrin tó mọ oúnjẹ sè ló kó gbogbo wọn pàdé nínú àwo kan ṣoṣo ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àríwá Ṣáínà jẹ́ ilẹ̀ àlìkámà, nítorí pé òtútù ibẹ̀ pọ̀, òjò rẹ̀ kò sì tó fún oko ìrẹsì bíi ti gúúsù. Lára oúnjẹ ìpínlẹ̀ Shandong, tó wà létí òkun ní ìlà-oòrùn, ni wọ́n máa ń ka mu xu rou mọ́, ó sì gbilẹ̀ ní Beijing, níbi tí àwọn alásè láti Shandong ti pọ̀ ní ilé oúnjẹ láyé ọba. Ohun mẹ́rin ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin, olú dúdú pẹlẹbẹ kan tó ń hù lára igi, àti ìrudi òdòdó daylily, ìyẹn òdòdó tí kò tíì là, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì ń pè ní abẹ́rẹ́ wúrà nítorí gígùn àti àwọ̀ rẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n máa ń tọ́jú olú àti ìrudi yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó ilé fi lè rẹ díẹ̀ sínú omi gbígbóná nígbà òtútù tí ẹ̀fọ́ tútù bá wọ́n, kí ó sì fi ẹran kékeré àti ẹyin mélòó kan bọ́ odindi ìdílé. Ọgbọ́n ìṣúná tó jinlẹ̀ wà nínú oúnjẹ yìí, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ẹyin ló fún un lórúkọ, nítorí pé ẹyin tí a dín tí a sì fọ́ wẹ́wẹ́ jọ òdòdó igi osmanthus tí orúkọ náà ń tọ́ka sí, tó kéré tó sì pupa rúsúrúsú. Ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tí a fi ooru omi sè ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́ nílé, kì í ṣe pankéèkì.

Pankéèkì ní tirẹ̀ jẹ́ ti àjọ̀dún. Nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Ṣáínà, ọjọ́ tí ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ni àwọn ará àríwá máa ń tẹ́ fùláwà fẹ́lẹ́, tí wọ́n á yan án nínú páànù, tí wọ́n á sì fi wé ẹ̀fọ́ tuntun, ẹyin àti ẹran tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ní. Pankéèkì tó jọ ọ́ náà ni wọ́n fi ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ yíyan tó sọ Beijing di olókìkí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló dá àṣà wíwé sílẹ̀ kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ohun tí ìrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ṣe ni pé ó wọ aṣọ ọdún fún oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ìrìn-àjò náà kò sì yá rárá. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1882 ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ti débẹ̀ ṣáájú jẹ́ ọmọ Guangdong ní gúúsù, èyí tó mú kí ó jẹ́ pé oúnjẹ gúúsù, pàápàá àdàlù ẹran àti ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní chop suey, nìkan ni àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí oúnjẹ Ṣáínà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1943, ṣùgbọ́n ènìyàn 105 péré ni wọ́n ń gbà wọlé lọ́dún, títí òfin tuntun ti 1965 fi la ọ̀nà. Láàárín àkókò yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì borí nínú ogun abẹ́lé ní 1949, ọ̀pọ̀ ará àríwá sá lọ sí Taiwan àti Hong Kong, àwọn kan sì gba ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìmọ̀ oúnjẹ tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ moo shu ni Joyce Chen, tí a bí ní Beijing ní 1917, tó kúrò ní Shanghai pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ ní 1949, tó sì tẹ̀dó sí Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní 1958 ó ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ àríwá kalẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà tí ojú wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní 1962 ó tẹ ìwé ìdáná jáde, nígbà tó sì di 1966 ó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè lórí tẹlifíṣọ̀n WGBH ní Boston. Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tó wọ ilé ìdáná jù lọ, lójú ẹni tó bá ń dáná, ni páànù tó ṣe fún sítóòfù oníná mànàmáná: agbada tí a ń pè ní wok ní ìdí róbótó, kì í jókòó dáadáa lórí irú sítóòfù bẹ́ẹ̀, Chen sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fi ọwọ́ ìdìmú sí i. Ṣáájú rẹ̀, Buwei Yang Chao, dókítà ìṣègùn tóun náà gbé ní Cambridge, ti kọ ìwé ìdáná kan ní 1945, inú ìwé yẹn ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí ọ̀rọ̀ náà stir-fry, ìyẹn dídín lórí iná líle pẹ̀lú rírò láìdáwọ́dúró. Ní San Francisco, Cecilia Chiang ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún oúnjẹ àríwá ní ilé oúnjẹ rẹ̀, The Mandarin, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Bí oúnjẹ náà ti ń tàn kálẹ̀ ni ó ń yí padà. Kábéèjì gba ipò ìrudi òdòdó tó ṣòro láti rí. Hoisin, ọbẹ̀ ẹ̀wà kíki oníṣúgà tí àwọn ará Guangdong mọ̀ ọ́n ṣe, di ohun tí wọ́n ń fi pa pankéèkì lára. Ilé oúnjẹ mìíràn tilẹ̀ ń lo tortilla àwọn ará Mẹ́síkò dípò pankéèkì. Àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí ti adìyẹ rà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àdánù gidi ni ti ìrudi òdòdó, nítorí pé kábéèjì púpọ̀ máa ń da omi sínú páànù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn dídùn tàbí ìrọ̀ tí eyín ń wá nínú oúnjẹ yìí.

Ẹni tó ń sè é nílé lè dá ohun tó sọnù yìí padà. Kí ó rẹ olú àti ìrudi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí ó gé ìdí líle wọn dànù. Kí ó gé nǹkan bíi gíráàmù 250 ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fi soy sauce, ọtí ìrẹsì àti sitáàṣì àgbàdo díẹ̀ pò ó. Sitáàṣì yìí ló ń bo ẹran lára tí omi inú rẹ̀ kò fi ní gbẹ. Ẹyin mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ dín tí yóò sì kó kúrò, lẹ́yìn náà ẹran, tí òun náà yóò kúrò, lẹ́yìn náà atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, olú àti ìrudi, kí gbogbo rẹ̀ tó padà pàdé pẹ̀lú òróró yànmọ̀tí ìwọ̀nba. Ìdí tí a fi ń ṣe é ní ìpele ni pé iná ilé kò lágbára tó ti ilé oúnjẹ, bí ohun tó wà nínú páànù bá sì pọ̀ jù, ooru á lọ sílẹ̀, omi á sun jáde, ẹran á máa hó dípò kí ó dín.

Pankéèkì ló ń dẹ́rù ba ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn láti lóye jù. Omi híhó, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù sí fùláwà kọ́ọ̀pù méjì, ni a fi ń pò ó, nítorí pé omi gbígbóná máa ń se sitáàṣì inú fùláwà díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ó máa fà, ìyẹn ni a fi lè tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú 30. A ó fi òróró yànmọ̀tí pa ojú ìṣù kékeré kan, a ó gbé òmíràn lé e, a ó tẹ́ méjèèjì pọ̀, a ó sì yan wọ́n nínú páànù gbígbẹ. Ooru omi tó há sáàárín wọn yóò mú kí wọ́n wú, òróró kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ a ó rí pankéèkì méjì ya kúrò lára ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ́lẹ́ ju èyí tí ọwọ́ lè dá tẹ́ lọ. Aṣọ mímọ́ ni kí a fi bò wọ́n kí wọ́n má bàa gan, hoisin tíńtín ni kí a fi pa àárín wọn, kí a bu ṣíbí méjì ẹran lé e, kí a kọ́kọ́ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ọbẹ̀ má baà kán, kí a tó ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.