Ọkùnrin Tí Ó Jókòó Sí Ìdí Dùùrù Fún Ọdún 48



Ní ọjọ́ kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní orin tuntun. Ohùn orin náà ti ilẹ̀ Faransé wá, àwa ni a sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Ó dùn mọ́ wa nínú púpọ̀. Bí a ti kọ ọ́ tán, ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ má bínú o. Ṣé láti ọrùn ni Jésù ti wá ni, tàbí láti ọ̀run?"

Ojú tì wá. "Ọ̀run" ni a kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí ohùn gòkè, níbẹ̀ ni orin náà ti sọ̀ kalẹ̀, etí ìyá àgbà sì gbọ́ "ọrùn", ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Ẹni tí ń kọrin sí Ọlọ́run, àdúrà ni ó ń gbà. Bí ọ̀rọ̀ àdúrà bá yí padà lẹ́nu wa, kí ni a ń sọ fún Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó mú wa rántí ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas King Ekundayo Phillips, atẹdùùrù àti olùkọ́ orin ní Èkó.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Kí èyí má ṣe kọ ẹnikẹ́ni lóminú. Johann Sebastian Bach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a bí ní 1685, ọmọ ìjọ Luther ni. Síbẹ̀ wọ́n ń tẹ orin rẹ̀ lórí dùùrù nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní ilẹ̀ Faransé títí di òní. Láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, Bach ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní orin ní ìlú Leipzig, ó sì ń ṣe orin tí wọn yóò kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Phillips ṣe láàrin àwọn Yorùbá.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

A bí i ní 1884. Charles Phillips, bàbá rẹ̀, di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Ìbátan rẹ̀ kan tí ó jẹ́ àlùfáà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ dùùrù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 18, wọ́n fi í sí ìdí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Breadfruit, Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: ọmọ ọdún 18 ni. Àgbà kan kọ́ ọ, àwọn àgbà mìíràn sì fi ọkàn tán an.

Ní 1911 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ dùùrù, píánò àti gòjé òyìnbó ní Trinity College of Music. Ó padà sílé ní 1914, ó sì gba ìtọ́jú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Màrínà, èyí tí ó di Kàtídírà lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1962. Ọdún 48 gbáko! Nígbà tí ó kúrò, Charles Oluwole ọmọ rẹ̀ ni ó jókòó sí ipò náà. Bàbá náà kú ní 1969.

Ohun tí ó rí

Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù lè sọ pé orin òyìnbó nìkan ni orin. Phillips kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé àwọn míṣọ́nnárì mú orin wá láti ìlú wọn, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohùn ń lọ sí òkè, ọ̀rọ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni gángan tí kò ní ẹnu fi lè pe orúkọ ènìyàn tí onítọ̀hún yóò sì jẹ́. Bí orin bá gbé ohùn sí ibi tí kò yẹ, "ẹ̀jẹ̀" Jésù lè di "ẹ̀jẹ́", "Bàbá" wa sì lè di "bàbà", ọkà tí ó wà lóko. Ẹni tí ó mọ orin náà tẹ́lẹ̀ yóò máa fi ọkàn tún un ṣe, ṣùgbọ́n àlejò àti ọmọdé yóò ṣìnà.

Phillips fi sùúrù ṣe orin tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó ṣe ohùn Yorùbá sí ìdáhùn àdúrà ìsìn, sí orin ìyìn Màríà àti orin Síméónì, àti sí Sáàmù 121 tí ó sọ nípa ẹni tí ó gbé ojú sí àwọn òkè. Àwa tí a ń gbé láàrin òkè Dassa mọ ìtumọ̀ èyí! Kò sì kọ dùùrù sílẹ̀: ó mú orin ìbílẹ̀ wa, ó fi ṣe orin dùùrù. Ní 1953 wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní Johannesburg, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe di ọ̀kan nínú èdè wa.

Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, Ìpàdé Ńlá ti Vatican Kejì gbé ìwé rẹ̀ lórí ìsìn mímọ́ jáde. Ìwé náà bu ọlá fún dùùrù; ó sì pàṣẹ pé kí a bu ọlá tí ó yẹ fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ míṣọ́nnù, kí a sì fún un ní àyè nínú ìsìn.

Àwọn tí ó kọ́

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tí ó kọrin lábẹ́ Phillips ni Fela Sowande, tí a bí ní 1905. Lọ́dọ̀ Phillips ni ó ti kọ́ dùùrù. Sowande lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba oyè gíga àwọn atẹdùùrù níbẹ̀ ní 1943, ó sì ṣe orin dùùrù láti inú orin Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 1987. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní kékeré, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Àwa ńkọ́?

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́ bá kún ihò àpáta Àrìgbò nítorí Ìgbàsókè Màríà sí ọ̀run, orin Faransé, orin Fọ̀n àti orin Yorùbá a máa dún lára àpáta. Àwa kò kórìíra orin Faransé. Èdè yẹn ni wọ́n fi kọ́ wa ní sẹ́mínárì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ Ìdáàṣà kọ orin kan ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ a máa wo ilẹ̀. Àwọn tí ó mọ orin wọ̀nyí ń dàgbà, kò sì sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ta ni yóò kọ wọ́n lọ́la?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ tajà lẹ́bàá títì ní wákàtí tí a ń kọ́ orin. Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ẹ wá jókòó tì wá. Bí a bá ṣi ohùn kọ, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì tọ́ wa sọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí orin, ẹ mú ọmọ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti ìsinsìnyí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ti orin wa ọjọ́ náà, a tún ohùn rẹ̀ ṣe. A mú un gòkè níbi tí "ọ̀run" wà, ìyá àgbà sì bá wa gbè é. Ó ku ẹsẹ méjì tí ohùn wọn kò tíì tọ́. A ó máa retí àwọn ọmọ yín.

Kí Wúndíá Màríà ti Àrìgbò bẹ̀bẹ̀ fún wa.