Bí Kámẹ́rà Ṣe Dé Ààfin Olókun

Òkun, alágbalúgbú omi, ọba tí gbogbo odò ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, ti fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ aráyé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé lónìí ẹni tí kò dé etíkun rí lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kí ó máa wo ẹja tí iná ń tàn lára rẹ̀ nínú òkùnkùn ibú, ọ̀pọ̀ ń rò pé ńṣe ni wọ́n kàn ri kámẹ́rà bọ omi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀nà náà tó là dáadáa, ohun tí ó sì fa ìdádúró, lójú tèmi, ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ gbé iná àti ariwo lọ́wọ́ lọ sí ilé onílé.

Ní ọdún 1914, ní àwọn erékùṣù Bahamas, John Ernest Williamson sọ páìpù irin gbọọrọ tí bàbá rẹ̀ ṣe kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó jókòó sínú yàrá kékeré onífèrèsé dígí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ya sinimá lábẹ́ omi. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, kò sì jìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi abàmì ẹran olọ́wọ́ mẹ́jọ han àwọn òǹwòran nínú fíìmù wọn ti ọdún 1916, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, nítorí ẹran gidi kì í jẹ́ ìpè onísinimá.

Ogún ọdún lẹ́yìn Williamson, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, William Beebe àti Otis Barton, ká ara wọn kò sínú yàrá irin roboto kan tí a fi wáyà so rọ̀ sínú òkun Bermuda, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1934, wọ́n dé mítà 923, níbi tí ilẹ̀ kì í mọ́. Bí Beebe ti ń yọjú lójú fèrèsé ni ó ń fi tẹlifóònù ròyìn fún Gloria Hollister tí ó wà lókè, tí ìyẹn ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí Else Bostelmann sì ń ti inú ìròyìn náà ya àwòrán. Ìròyìn kò tó àfojúbà: àwọn onímọ̀ kan kọ̀ láti gbà á gbọ́, ó sì wà nínú àwọn ẹja rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún rí títí di òní.

Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ní ilẹ̀ Faransé ni ó ṣe ẹ̀rọ ìmí tí ó tú òmùwẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ okùn ní ọdún 1943. Fíìmù tí Cousteau àti Louis Malle ṣe gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Cannes ní ọdún 1956. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti fi dáínámáìtì fọ́ àpáta iyùn kí wọ́n lè ka ẹja tí ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko bí ojú ẹja.

Dókítà Edith Widder, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ẹ̀dá inú ibú ń mú jáde lára wọn, ni ó mú ẹ̀sọ̀ wọ ọ̀ràn náà. Skuìdì ràbàtà, ìbátan ẹran olọ́wọ́ mẹ́jọ nì, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá, ẹran tí ó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni ènìyàn sábà máa ń bá pàdé ní èbúté tàbí nínú àwọ̀n, tí ẹyinjú rẹ̀ sì lè fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Ta ni ó wá sọ fún wa pé olójú bẹ́ẹ̀, tí a bí sínú òkùnkùn, yóò dúró de iná tí ń fọ́ni lójú àti ẹ̀rọ tí ń kùn? Widder mọ̀ pé omi òkun a máa tètè gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, tí ó fi jẹ́ pé ti àwọ̀ aró ni ó ń jìn dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ibẹ̀ kò ní ojú tí í rí pupa. Ó ṣe kámẹ́rà kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì, Medusa ni orúkọ rẹ̀, tí ń fi iná pupa ríran, tí a sì fi okùn sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa fì jẹ́jẹ́. Ìjẹ tí ó fi sí i tilẹ̀ dùn mọ́ mi ju kámẹ́rà náà lọ. Ẹ̀dá kan wà nínú ibú, Atolla, tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù; bí ọ̀tá bá gbá a mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná aró yíká ara rẹ̀, kì í ṣe kí ọ̀tá lè bẹ̀rù, bí kò ṣe kí ẹran tí ó tóbi ju ọ̀tá lọ lè rí i, kí ó wá pa ọ̀tá náà jẹ. Irú iná yìí ni Widder ṣe àfarawé rẹ̀.

Ní ọdún 2012, nítòsí àwọn erékùṣù Ogasawara ní ilẹ̀ Japan, níbi tí Tsunemi Kubodera, onímọ̀ ará Japan, ti ya fọ́tò skuìdì ràbàtà ní ọdún 2004, ẹran náà jáde wá síwájú Medusa. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan iná náà. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó kọlù, bí ẹni pé ọ̀tá tí a ké pè é sí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Kubodera fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ abẹ́ omi pẹ̀lú ẹni méjì, wọ́n fi skuìdì mìíràn ṣe ìjẹ, ràbàtà kan sì dì mọ́ ọn ní nǹkan bíi mítà 630. Àwọ̀ wúrà àti fàdákà ni ó bo ara rẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ lára òkú. Nígbà tí Kubodera rí i pé ó ti ń jẹun, ó tan iná funfun. Ẹran náà kò sì sá, ó ń jẹ lọ, wọ́n jọ ń rì lọ títí dé nǹkan bíi mítà 900. Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Widder àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Nathan Robinson, gbé Medusa lọ sí Gulf of Mexico, níbi tí kànga epo rọ̀bì pọ̀ sí, àwòrán ọmọ skuìdì ràbàtà kan sì tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Inú ìdùnnú yìí ni wọ́n wà tí ààrá fi sán lu ọkọ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ àwọn bàbá wa ni, wọn ì bá ní Ṣàngó ń dá sí ọ̀ràn Olókun. Wọ́n sáré lọ wo kọ̀ǹpútà tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe é.