Ẹ̀yin Ayàwòrán Ilé, Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Yín Sọnù

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń fi AutoCAD ya àwòrán ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí iná dé, fáìlì náà kò ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ti san àsansílẹ̀.

A bá a wá a. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún iṣẹ́ fi pamọ́ ni AutoCAD ń tọ́jú ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; .bak ló ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. A fún un lórúkọ mìíràn, a fi .dwg rọ́pò .bak, ló bá ṣí! Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta padà wá, àfi ìwọ̀nba tó yà kẹ́yìn.

Ẹ tún tẹ SAVETIME, kí ẹ kọ 5 síbẹ̀. Yóò máa fi ẹ̀dà pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ẹni tí owó AutoCAD bá ga jù fún, LibreCAD ń bẹ, ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì DXF ni kí ẹ fi gbé àwòrán lọ síbẹ̀.

Bí a ti ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi iṣẹ́ náà pamọ́.