Kí O Tó Fi Ilé-Ìwé Sílẹ̀: Ìlàlóye fún Ọ̀dọ́ àti Òbí ní Àjọwá-Àkókó

Ìwé yìí kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ tó ń rò ó pé kí òun fi ilé-ìwé sílẹ̀ sábà máa ń ní ìdí: owó ìdánwò kò sí, ara bàbá kò yá, iṣẹ́ oko wọlé, tàbí ọ̀rẹ́ kan ti ń gun ọ̀kadà ní Ìkàrẹ́, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. A kò ní pe ìdí ẹnikẹ́ni ní irọ́. Ohun tí a fẹ́ ni kí o mọ ibi tí ò ń lọ kí o tó kúrò níbi tí o wà, kí o sì mọ ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ.

Kíláàsì wo lo wà?

Òfin kò fi ojú kan náà wo ọmọ JSS 2 àti ọmọ SS 2. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ UBE ti ọdún 2004 sọ pé láti Prámárì 1 títí dé JSS 3, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, dandan ni kí ọmọ wà ní ilé-ìwé, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé-ìwé ìjọba. Òbí tó bá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò, ìkìlọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà. Bó bá tún padà dé iwájú adájọ́, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ni, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó náà kò tó nǹkan mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe eré. Nítorí náà, bí o bá ṣì wà ní JSS, fara dà á, ṣe Júníọ̀ WAEC, kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ.

Ìwé ẹ̀rí yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba máa béèrè. Àwọn òbí kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ibẹ̀, bí ẹni pé ọmọ tí kò mọ̀wé nìkan ni wọ́n ń kó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ fi ń kọ́ iṣẹ́ iná, wẹ́dà, kápẹ́ńtà tàbí iṣẹ́ mọ́tò níbẹ̀, pẹ̀lú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, á sì ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992. Pólì ń gba ìwé ẹ̀rí NABTEB. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Bí o bá wà ní SS 2 tàbí SS 3, ìmọ̀ràn wa kò lọ́ tìkọ̀: parí rẹ̀. Bí èsì WAEC kò bá dára, o lè tún un ṣe láyè ara rẹ, èyí tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní GCE. NECO náà ní ti òpin ọdún. Yunifásítì ń béèrè kírédíìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, àti Ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba èsì ìjókòó méjì papọ̀. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀. Kò di ìgbà tí ọmọ Àjọwá bá dé Èkó kó tó kàwé gíga. Lọ ṣe NIN rẹ nísinsìnyí, nítorí JAMB kò ní gbà ọ́ láìsí i. Rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ bá ti ìwé ilé-ìwé mu. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìjìyà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé a kì í béèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á tó sanwó. Ọdún mélòó ni? Èló ni owó ìkọ́ṣẹ́, èló ni ti fírídọ̀ọ̀mù? Ta ni yóò ra irinṣẹ́? Ta ni yóò máa bọ́ ọmọ? Ẹ wá àwọn tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá náà, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Bí ọ̀gá bá ti ń gba ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹ kò rí ẹyọ ẹnì kan tó parí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Iṣẹ́ ni ọmọ lọ kọ́, kì í ṣe omi pípọn fún ìyàwó ọ̀gá.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbà, kó má sì ju ọdún márùn-ún lọ. Lẹ́yìn fírídọ̀ọ̀mù, ṣe Trade Test ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta títí dé ìpele kìíní. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ dáadáa tí kò ní ìwé yìí, ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì kò ní gbà á síṣẹ́ bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Àjọ NDE tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, tí ó wà láti ọdún 1986, náà máa ń fi ọ̀dọ́ síbi ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ́fíìsì wọn wà ní Àkúrẹ́.

Ọ̀kadà ńkọ́? Láìpé ọdún 18, kò sí láísẹ́ǹsì fún ọ. Ẹni tó bá sì ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ ní ìlú òkèèrè, tó wá ní kí o má sọ fún àwọn òbí rẹ, sá fún un.

Ọmọbìnrin tó lóyún

Oyún kò fagi lé ẹ̀kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ di òfin tirẹ̀ lọ́dún 2007, sọ pé kí á fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láǹfààní láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá ti bímọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bá wa gbé ọmọ ọwọ́ náà dání kí ìyá rẹ̀ lè padà sí kíláàsì.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ rí olùdámọ̀ràn tàbí ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá tiwọn, ará Àjọwá lè lọ sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Àgbè; ará Ìkàrẹ́ àti ará Ọ̀kà ní tiwọn nílùú wọn. Ẹ mú èsì ìdánwò tó gbẹ̀yìn, ìwé ọjọ́ ìbí àti NIN dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀yin àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ tiyín.