Bàbá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, fáìlì ìyàwó ti sún síwájú: àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá wà ní Houston, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wà ní Òṣogbo. Nígbà tí bàbá gba gíríìn káàdì, ó kọ fọ́ọ̀mù I-130 fún ìyàwó rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ sì wà nínú fáìlì ìyá wọn. Wọ́n ń dúró. Nígbà tó yá, bàbá búra, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ariwo ayọ̀ ta nílé. Bàbá fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè sún fáìlì ìyàwó síwájú, ó sì sún síwájú lóòótọ́. Àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n tó mọ̀ pé ìyá nìkan ló ní físà gbà. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jábọ́ kúrò nínú fáìlì.

Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n o. Bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó náà ló tì í mọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé bàbá kò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù tó yẹ kí òun ṣe. Ìdí rèé tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín wà lókè òkun, tí ẹ ń retí ìwé.

Kí ló ń yí padà lọ́jọ́ ìbúra?

Bó bá jẹ́ pé onígíríìn káàdì ló ń pe ẹbí rẹ̀ wá, ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní F2A ni òfin Amẹ́ríkà fi ọkọ tàbí aya rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó. Físà ìsọ̀rí yìí níye lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju iye náà lọ, ẹ máa tò sórí ìlà ni. Oṣooṣù ni iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ń gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Visa Bulletin, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí ìlà dé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá búra, ọkọ tàbí aya yín kúrò lórí ìlà yẹn. Ó bọ́ sí ìsọ̀rí àwọn mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ ọmọ Amẹ́ríkà jù lọ. Ìsọ̀rí yìí kò níye, kò sì sí pé à ń dúró de físà ọdún tó ń bọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé físà máa jáde lọ́la o. Wọ́n ṣì máa yẹ ìwé wò, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ara, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè. Ohun tó kúrò nílẹ̀ ni ìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ìbúra ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ yege nínú ìdánwò N-400. Ẹni tó ti yege àmọ́ tí kò tíì búra, onígíríìn káàdì ló ṣì jẹ́.

Ṣé mo máa tún fọ́ọ̀mù ìyàwó mi kọ ni?

Rárá. I-130 tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wúlò, ẹ kò ní san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kù ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ipò yín ti yí padà. Ẹ fi ẹ̀dà Certificate of Naturalization yín ránṣẹ́, tàbí ojú ewé páásípọ̀ọ̀tù Amẹ́ríkà tí fọ́tò yín wà. Ibi tí fáìlì bá wà ló máa sọ ibi tí ẹ máa fi í ránṣẹ́ sí:

- Bí I-130 bá ṣì wà lọ́wọ́ USCIS tí wọn kò tíì fọwọ́ sí i, USCIS ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fi sọ fún yín pé àwọn ti rí fọ́ọ̀mù yín gbà.
- Bí USCIS bá ti fọwọ́ sí i tí fáìlì ti dé National Visa Center, ẹ lo fọ́ọ̀mù ìbéèrè tó wà lórí ìkànnì wọn, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn.
- Bí fáìlì bá ti dé ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Victoria Island, l'Ékòó, ibẹ̀ ni kí ẹ fi tó létí kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé.

Bí ẹ bá yí orúkọ yín padà lásìkò tí ẹ búra, ẹ ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀ kún un. Kí wọ́n má baà máa wò ó pé ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń kọ̀wé.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó ìjọba wá nítorí pé fáìlì yóò yí ìsọ̀rí padà, ẹ sá fún un.

Àwọn ọmọ wá ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Nínú F2A, ọmọ lè gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ wọlé. I-130 kan ṣoṣo tó ìyá àti àwọn ọmọ. Àmọ́ nínú ìsọ̀rí mọ̀lẹ́bí ọmọ Amẹ́ríkà, kò sí pé ẹnì kan ń gun ẹ̀yìn ẹnì kan. Kálukú ló gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀, àkọ́bí ní tirẹ̀, àbíkẹ́yìn náà ní tirẹ̀.

Torí náà, bó bá jẹ́ pé ìyàwó nìkan lẹ kọ I-130 fún, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ ní kété tí ẹ bá búra tán. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá pe ìyá wọn sí Èkó. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó I-130 jẹ́ dọ́là 625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ dọ́là 675 fún ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́. Owó máa ń yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí uscis.gov kí ẹ tó san. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta á san án lọ́nà mẹ́ta. Owó ńlá ni, a mọ̀. Àmọ́ kí ìyá máa gbé ní Houston kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, iye tí ìyẹn ń náni kò ṣeé kà.

Ọmọ tí ìyàwó bí kí ẹ tó fẹ́ra náà lè wà nínú ètò yìí, bí ìgbéyàwó yín bá ti wáyé kí ọmọ náà tó pé ọdún 18. Ọmọ tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù kankan látìgbà tí ẹ ti wọ Amẹ́ríkà ló máa ń dá ìbéèrè sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wà, ẹ sọ fún lọ́yà yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ọmọ tó ti ń súnmọ́ ọdún 21

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Lọ́dún 2002 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin kan, Child Status Protection Act, kí ọmọ má baà pàdánù nítorí pé ìjọba ló fi iṣẹ́ falẹ̀. Bí bàbá bá ti kọ I-130 fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ onígíríìn káàdì, ọjọ́ orí tí ọmọ wà lọ́jọ́ tí bàbá búra ni wọ́n máa kà. Bó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ náà, ọmọ ogún ọdún ló máa jẹ́ nínú ìwé wọn, kódà bí físà bá pẹ́ kó tó jáde, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣègbéyàwó.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé abẹ́ fáìlì ìyá nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà, ọjọ́ tí I-130 tuntun bá wọlé lẹ́yìn ìbúra ni wọ́n máa kà. Bí ọmọ bá pé ọdún 21 lọ́jọ́ Ajé, tí fọ́ọ̀mù sì wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti bọ́. Ó máa lọ sí ìsọ̀rí àwọn ọmọ tó ti dàgbà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ tó ti lé ní ogún ọdún, ẹ rí lọ́yà tó mọ òfin yìí kí ẹ tó lọ búra, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, bí físà F2A gbogbo ìdílé bá ti fẹ́ jáde, lọ́yà lè ní kí ẹ fi sùúrù díẹ̀ kún un. Ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ náà: kó má lọ ṣègbéyàwó kí físà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá ṣe é ló bọ́ kúrò nínú ìsọ̀rí náà.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí tàbí tí ẹ gbà tọ́ lábẹ́ òfin, tó bá wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà yìí kó tó pé ọdún 18, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ yín, ó di ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò nílò láti búra.

Bí ìyàwó bá ti wà ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Bó bá ti ní gíríìn káàdì tirẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa yí padà. Ó kàn lè béèrè láti di ọmọ ìlú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta dípò márùn-ún. Àmọ́ ẹ má ṣìṣe: ọkọ náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà fún odindi ọdún mẹ́ta yẹn, kí wọ́n sì jọ máa gbé. Bí ọkọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ búra lóṣù tó kọjá, tí ìyàwó ti lo ọdún mẹ́rin pẹ̀lú gíríìn káàdì, kó yáa dúró de ọdún márùn-ún tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e wọlé, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá, ìbúra ọkọ lè jẹ́ kó gba gíríìn káàdì láìjáde nílùú, nítorí pé ó gba ẹnu ọ̀nà tó tọ́ wọlé. Kó má ṣe tìtorí òkú tàbí ìgbéyàwó wá sílé láì bi lọ́yà. Ẹni tó bá ti dúró kọjá àṣẹ fún ju ọjọ́ 180 lọ, tó wá jáde, òfin lè dí i lọ́nà fún ọdún mẹ́ta. Bó bá tó ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni.

Àwọn ìwé tí ẹ máa tọ́jú

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka èèyàn ní Nàìjíríà, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bí ẹnì kan bá ti ṣègbéyàwó rí. Ọkọ á kọ I-864, níbi tó ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun lè bọ́ ẹbí òun. Owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ààlà òṣì fún iye èèyàn tó wà nínú ilé. Ẹ rántí pé bí fáìlì ọmọ ti dá dúró, I-864 tirẹ̀ náà dá dúró.

Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí ìyàwó wọ Amẹ́ríkà, káàdì ọdún méjì ni wọ́n máa fún un. Láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó ṣáájú kí káàdì náà tó kú, ọkọ àti ìyàwó á jọ kọ I-751. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Ohun kan tó kọjá agbára fọ́ọ̀mù

Ààrẹ Amẹ́ríkà lè fi àṣẹ dá físà dúró fún orílẹ̀-èdè kan. Ó ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà lọ́dún 2020, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Kínní ọdún 2021. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump tún fọwọ́ sí àṣẹ mìíràn tó kan físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ gbé níbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026. Kí ẹ tó san owó àyẹ̀wò ara tàbí ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìkànnì ọ́fíìsì aṣojú wọn l'Ékòó kí ẹ lè mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ àṣẹ kì í dá ọjọ́ orí ọmọ dúró. Bí físà tilẹ̀ wà ní dídúró, I-130 tó wọlé kí ọmọ tó pé ọdún 21 ló máa gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá ṣí.

Torí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ fẹ́ lọ búra, ẹ pe ilé. Ẹ béèrè iye I-130 tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì ka orí àwọn ọmọ. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó pe onílù.